Ẹnu Ọ̀nà Tí Mo Gbé Ga

Ní kílóòsì wa, àdúgbò kékeré kan ní Festac, tí àsìkò òjò bá ń bọ̀, gọ́tà là ń wò, a kì í wo ojú ọ̀run. Bí omi inú gọ́tà kò bá ṣàn mọ́, kálukú á lọ yẹ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wò. Tèmi ṣí sílẹ̀ gbayawu lọ́dún yìí. Mo ní láti pinnu bóyá màá tún dí i.

Iṣẹ́ àwòrán ilé ni mo ṣe fún ìjọba títí mo fi fẹ̀yìn tì. Àwọn tí a kò rí rí là ń ya ilé fún. Bí ilé bá máa wà lókè Ọya, a máa ń jẹ́ kí fèrèsé rẹ̀ kéré nítorí oòrùn àti eruku. Bí ó bá máa wà lẹ́bàá òkun, a máa ń gbé ìpìlẹ̀ rẹ̀ ga. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n tún títì ṣe tó ga ju ilé wa lọ, tí omi ń wọ pálọ̀, mi ò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Mo pe bíríkìlà kan láti ẹ̀yìn Mile 2, ó fi búlọ́ọ̀kù dí ìsàlẹ̀ ẹnu ọ̀nà dé orúnkún. Omi ò wọlé mọ́.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, àrùn rọpárọsẹ̀ mú ìyàwó mi lápá òsì. Ó ti ọsibítù dé pẹ̀lú ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, ó dúró síwájú búlọ́ọ̀kù náà.

“Dádì, omi lẹ kọ́ ilé yìí fún.”

Mo ní a ó máa gbé e kọjá.

“Ṣé ẹrù ni mí? Ẹ ní kí bíríkìlà wó o. Kó gbẹ́ ojú tóóró sára ògiri lọ́tùn-ún lósì, ká máa ti pákó bọ̀ ọ́ tójò bá ṣú. Tó bá dá, ká yọ ọ́.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní pákó ò lè dá omi dúró, pé èmi ni mo kàwé ilé.

“Ìwé yín ò mọ orúnkún,” ló sọ.

Ọjọ́ Ìsinmi nìkan ló ń jáde. Àwọn ará ìjọ á gbé e kọjá, á sì di ojú títí wọn á fi sọ ọ́ kalẹ̀. Ojú tó ń dì yẹn ni mi ò lè máa wò mọ́. Mo ní kí wọ́n wó búlọ́ọ̀kù náà. Mi ò ṣe ti pákó. Omi wọlé lọ́dún náà, àwa méjèèjì gbé ẹsẹ̀ sórí àga, ó ní kò burú. Ìgbà ọyẹ́ ló kú. Ilẹ̀ gbẹ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bíríkìlà ọjọ́sí padà wá.

“Bàbá, ẹ jẹ́ n dí i. Màmá ti lọ sinmi. Ta ló tún kù tí kò lè gbẹ́sẹ̀?”

Ó to búlọ́ọ̀kù síbẹ̀ láìfi sìmẹ́ńtì sí i, kí n lè wo gíga rẹ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kọjá. Ti òsì kọ lu búlọ́ọ̀kù. Èjìká bíríkìlà ni mo dì mú.

“Ẹ rọra o! Búlọ́ọ̀kù yẹn ò tíì pè yín níjà!”

Mo dúró bẹ́ẹ̀ fúngbà díẹ̀, ẹsẹ̀ kan nínú ilé, ẹsẹ̀ kan níta. Lẹ́yìn náà mo ní kó kó wọn kúrò, kó gbẹ́ ojú tóóró sára ògiri.

“Ta ló kọ́ yín nírú èyí?”

“Ìyàwó mi ni.”

“Ṣé àwọn náà kàwé ilé ni?”

“Rárá. Tíṣà ni.”

Iṣẹ́ náà ò gbà á dọ̀sán. Káfíńtà gé pákó, mo fi rọ́bà táyà àtijọ́ wé etí rẹ̀.

Òjò rọ̀ láàárọ̀ yìí. Mo ti pákó náà bọ̀ ọ́, mo fa àga, mo jókòó tì í. Omi ga níta. Nígbà tó fà, mo yọ pákó, mo fi àkísà nu ilẹ̀. Omi díẹ̀ ló wọlé. Kò tó èyí tí mo torí rẹ̀ bá ìyàwó mi jiyàn.