Àpótí Labalábá ní Ìwàrà

Mo rántí ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di tíṣà, tí wọ́n gbé mi láti Òṣogbo lọ sí Ìwàrà. Olùbẹ̀wò ń bọ̀ wá wo bí mo ṣe ń kọ́ni kí wọ́n tó fìdí iṣẹ́ mi múlẹ̀, mo sì ti pinnu pé labalábá ààyè ni n ó fi kọ́ kíláàsì kẹrin. Mo fi nẹ́ẹ̀tì bo àpótí ọṣẹ kan, àwọn ọmọ mú labalábá wá, mo sì gbé abọ́ omi tó mọ́ sínú rẹ̀ fún wọn.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ọ̀pọ̀ ti kú, àwọn kan rì sómi. Mo pààrọ̀ omi, mo da ṣúgà sí i, mo gbé àpótí síbòòji. A tún mú òmíràn, àwọn náà kú. Mo jágbe mọ́ àwọn ọmọ pé ọwọ́ wọn ló le jù, bẹ́ẹ̀ wọn ò ṣẹ̀ mí.

Ìráhùn mi sú ìyá onílé mi, opó àgbẹ̀ kan tí kò kàwé rárá. Ó mú mi lọ sẹ́yìn balùwẹ̀, níbi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn sí. Labalábá bo ẹrẹ̀ ibẹ̀ pìtìmù.

“Tíṣà, ilẹ̀ tútù ni wọ́n ń fà mu, nítorí iyọ̀ ara wa tó wà níbẹ̀. Bu díẹ̀ sínú àpótí rẹ.”

Èmi tí mo gbàwé-ẹ̀rí, kí n gbé ẹrẹ̀ tó ń rùn síwájú olùbẹ̀wò? Mo kàn dúpẹ́, mo bá tèmi lọ.

Nígbà tí olùbẹ̀wò dé, òkú labalábá ló bá nínú àpótí. Ó bi mí níbi tí labalábá ti ń rí omi mu lẹ́ẹ̀rùn. Ìtìjú ò jẹ́ kí n dárúkọ balùwẹ̀. Mo ní inú òdòdó nìkan ni. Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè.

“Ibi tí a máa ń tọ̀ sí ni, sà.”

Olùbẹ̀wò ní òótọ́ lọmọ náà sọ. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé mò ń kọ́ni ní ohun tí n kò fojú ara mi wò, wọ́n sì sún ọ̀rọ̀ iṣẹ́ mi di ọdún kejì.

Ìyá onílé béèrè bó ṣe lọ. Mo ní ó lọ dáadáa. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ fáwọn aládùúgbò pé ìmọ̀ràn òun ló gba tíṣà là, inú rẹ̀ a sì máa dùn. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, ìyá náà sì ti kú. Ọdún kan tí mo pàdánù ò dùn mí mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń bí mi nínú pé n kò jẹ́wọ́ fún un pé n kò gbọ́ tirẹ̀.