Ọjọ́ tí Kọ̀ǹpútà Kò Rí Iléṣà

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ládùúgbò Ìsọ̀kùn ní Iléṣà pé Tíṣà Nehemiah lóṣòó níwájú kọ̀ǹpútà lọ́dún 1998. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ó ra kọ̀ǹpútà àlòkù l'Óṣogbo, ó ní òun fẹ́ ṣe ojú ìwé ayélujára fún ìlú Iléṣà. Ó pe àgbà ìjọ Mẹ́tọ́díìsì mẹ́fà sí pálọ̀. Wọ́n gbàdúrà, ó tẹ bọ́tìnì. Kọ̀ǹpútà fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ gàdàgbà pé "Not Found", òun kò rí i.

"Kò rí kí ni?" ni Bàbá Ògúnmọ́lá, olórí wọn, bèèrè.

"Iléṣà, sà."

"Èyí tá a jókòó sí yìí?"

Tíṣà ti àga sẹ́yìn. "Ìjẹ̀ṣà ni mí," ló wí fún kọ̀ǹpútà. "Òṣó ni màá ló títí wàá fi rí i." Ó lóṣòó lóòótọ́, bí àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń gba gbèsè aṣọ láyé àtijọ́. Àwọn àgbà jẹ ẹ̀pà tán, wọ́n dágbére. Orúnkún Tíṣà ló kọ́kọ́ túúbá: ìyàwó rẹ̀, Cecilia, àti Àkànó ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n jọ gbé e dìde.

Iṣẹ́ taípù ni Àkànó ń ṣe ní òdìkejì ọ̀nà. Ìka Tíṣà kò yá, nítorí náà Tíṣà á máa pè é, Àkànó á máa tẹ̀ ẹ́. Kò sí ìgbà tí Tíṣà gbà pé òun ló ṣì í. Lọ́jọ́ kejì, ó fi mákà pupa fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà lórí gíláàsì. "Àkànó, wo gbólóhùn yìí. Kò ní olùwà! Ẹ̀rọ tí kò gbọ́ gírámà, ibo ló ti fẹ́ mọ Iléṣà?"

Kò sì sí tẹlifóònù nínú ilé náà tí ì bá gbé iṣẹ́ náà dé orí ayélujára. Inú kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ni ojú ìwé náà ń gbé. Cecilia bèèrè bóyá Tómilọ́lá ọmọ wọn lè rí i ní Lọ́ńdọ̀nù.

"Á rí i dáadáa," ni Tíṣà dáhùn, "tó bá ti wálé."

Lọ́jọ́ kẹta, Tíṣà lọ bọ́jú lẹ́yìnkùlé. Àkànó ṣí fáìlì ètò, níbi tí wọ́n ti ń júwe ọ̀nà fún kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rù bà á. Lẹ́tà ńlá ni Tíṣà fi bẹ̀rẹ̀ orúkọ Iléṣà níbi tó kó iṣẹ́ náà sí, bó ṣe yẹ orúkọ ìlú. Lẹ́tà kékeré ni ọwọ́ Àkànó tẹ̀ sínú ètò láàárọ̀ ọjọ́ táwọn àgbà wá. Lójú kọ̀ǹpútà yẹn, ìlú méjì ni.

Ó yẹ kó ké sí Tíṣà. Dípò bẹ́ẹ̀, ó yí lẹ́tà kan ṣoṣo náà padà, ó pa fáìlì dé. Nígbà tí Tíṣà wọlé tó tẹ bọ́tìnì, Iléṣà yọ.

"Mo sọ fún ẹ! Ó ti ronú pìwà dà!"

Àkànó bá a rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, òun gan-an ló ń sọ ìtàn náà jù lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, bí kọ̀ǹpútà ṣe bẹ̀rù Ìjẹ̀ṣà. Kì í mẹ́nu kan ọwọ́ ara rẹ̀. Kò sì jẹ́ ṣí fáìlì yẹn mọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà ó fẹ́ sọ ọ́, á ní ó dọ̀la. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1999, Tíṣà ti oko Ìwàrà dé pẹ̀lú ibà. Ọjọ́ kẹrin ló kú. Àkànó wà l'Óṣogbo níbi tó ti lọ ra ríbọ́ọ̀nù taípù. Ọ̀rọ̀ náà kú sí i lẹ́nu.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Cecilia ní kó bá òun wá àyè fún àwòrán Tíṣà lójú ìwé náà. Ó di dandan kó ṣí fáìlì ètò. Lókè ìlà tó tún ṣe níjọ́sí, ó rí ìlà mìíràn tí Tíṣà fira rẹ̀ tẹ̀, tó fi àmì ọ̀pá mẹ́rin tó dábùú ara wọn ṣíwájú. Ìlà tó bá ní àmì yẹn, kọ̀ǹpútà kì í kà á. Ènìyàn tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn ni wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún.

"Àkànó ló tún ibí ṣe. Ojú ń tì í. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó mọ̀ pé mo rí i, kó má baà dẹ́kun wíwá."

Àkànó kà á, ó tún un kà.

"Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?" ni Cecilia bèèrè láti ilé ìdáná.

"Ó ń ṣiṣẹ́, Mà."

Ó nu ojú. Ó tẹ àmì kan náà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì kọ ọ́ pé: "Mo ti rí i, Tíṣà. Ẹ má bínú. Mo ṣì ń wá."