Earpiece mi àti ìtàn àtijọ́ prófẹ́sọ̀

Àní prófẹ́sọ̀ fúnra wọn ni wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu mi sílẹ̀, Bọ̀dé, ìwọ tó o pè mí ní olódo nínú group WhatsApp Jakande wa yìí!

Mò ń kun pálọ̀ prófẹ́sọ̀ n'Íkàtè láàárọ̀ yìí. Wọ́n pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mi ò gbọ́, earpiece wà létí mi. Ni wọ́n bá gbaná jẹ:

"Yọ ọ́, àbí kó o kó búrọ́ṣì ẹ máa lọ! O dà bí àwọn atukọ̀ inú ìtàn àtijọ́ kan. Ọ̀gá wọn ní kí wọ́n de òun mọ́ òpó ọkọ̀ ojú omi, kóun lè gbọ́ orin tó ń pa èèyàn, kóun má sì kú. Ó fi ìda oyin dí etí tiwọn, kí wọ́n ṣáà máa ṣiṣẹ́."

Wọ́n ní àwọn onímọ̀ ìgbàanì ti ń wá ọgbọ́n nínú irú àlọ́ yẹn, àwọn tó dé lẹ́yìn wá fi yẹ ọ̀gá àti lébírà òde òní wò.

Mo ní, "Daddy, èmi ń gbọ́ orin, mo sì ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó ti laptop láti àárọ̀, ta ló dè yín?"

Mo ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, mo rò pé iṣẹ́ ti bọ́.

Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n fa bírò yọ: "Tún un sọ. Àwọn ọmọ kíláàsì mi á gbọ́ ọ lọ́la."

Ẹ̀yin ará Jakande, nínú àwa méjèèjì, ta ni wọ́n dè? Ẹ máa jiyàn ẹ̀ níbẹ̀. Ògiri ń dúró dè mí, mo fẹ́ pa fóònù.