Pẹpẹ Ìwé Tí Àna Mi Fi Ọ̀wẹ̀ Kàn

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, mo gbé páálí ìwé kan nílẹ̀ nínú yàrá mi, ìdí rẹ̀ kò bá mi dìde. Ó dúró sórí sìmẹ́ńtì, òun àti gbogbo ohun tí ikán ti sọ di iyẹ̀pẹ̀. Mo di òkè páálí náà mú bí ẹni tó di fìlà mú tí orí ti bọ́ lábẹ́ rẹ̀.

Páálí mọ́kànlá ni wọ́n jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ìwé bàbá ajíhìnrere tó tọ́ mi dàgbà ni gbogbo wọn. Nígbà tí bàbá mi kú, tí apá ìyá mi kò ká wa mọ́, ọkùnrin yìí mú mi sọ́dọ̀ ní ilé míṣọ́ọ̀nù, ó bọ́ mi, ó fi mí sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọ, kò sì fi ọjọ́ kan rán mi létí oúnjẹ tí mo jẹ. Bí mo ṣe di olùkọ́, tí mo sì fẹ̀yìn tì pẹ̀lú àlàáfíà, Ọlọ́run ló ṣe é, ọwọ́ ọkùnrin yìí ló sì fi ṣe é. Nígbà tí òun náà lọ sinmi, opó rẹ̀ ránṣẹ́ pè mí. Ó ní, "Àwọn tí mo bí ò fẹ́ ìwé. Ìwọ ni kó o wá kó o." Ìwé orin wà níbẹ̀, Bíbélì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù ni ìwé ìwàásù tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ní èdè wa, láti Ọjọ́ Ìsinmi dé Ọjọ́ Ìsinmi. Èyí tí wọ́n tẹ̀, ènìyàn lè rí òmíràn rà. Èyí tó fi ọwọ́ kọ, kò sí èkejì rẹ̀ láyé. Páálí kan ti lọ. Bí òjò bá dé, tí ilẹ̀ tutù, ikán á pọ̀ sí i, mẹ́wàá tó kù á tẹ̀ lé e.

Mo mọ ibi tí mo fẹ́ kó wọn sí. Nínú yàrá ìgbàlejò wa, òpó méjì yọ jáde lára ògiri. Mo ní kí wọ́n mọ wọ́n nítorí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí mo fẹ́ kọ́, tí Ọlọ́run kò sì fún mi láṣẹ láti kọ́. Àlàfo tó wà láàárín wọn jìn tó ìwé, ó sì fẹ̀ tó kí ọkùnrin kan na apá méjèèjì. Láti gbogbo ọdún yìí wá, àga tó fọ́ ló ń gbé ibẹ̀. Mo ra pákó ìrókò tí ikán kì í lè jẹ, mo sì bá gbẹ́nàgbẹ́nà kan nítòsí ọjà sọ̀rọ̀, ẹni tó kan àga ìjókòó ìjọ wa. Ó ní ọjọ́ méjì ni.

Ìyàwó mi ló bà á jẹ́. Ó sọ fún ọmọbìnrin wa ní Kaboua, ọmọbìnrin wa sọ fún ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. Ní ọjọ́ kejì, alùpùpù kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí n sì tó wọ bàtà, àna mi ti nà gbalaja sílẹ̀ ní yàrá ìgbàlejò.

"Bàbá, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?"

"Dìde ná."

"N ò ní dìde. Ọmọ yín ń fẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹ wá lọ pe gbẹ́nàgbẹ́nà míràn. Kí ni kí n máa wí ní Kaboua? Kí wọ́n ní mò ń kàn fún gbogbo ayé, àna mi ò jẹ́ kí n kan tiẹ̀?"

"Iṣẹ́ kékeré ni. Mi ò fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu."

"Ẹ yọ mí lẹ́nu, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀wẹ̀ ni mo máa fi ṣe é."

Èmi náà ti ṣe ọ̀wẹ̀ rí. Nígbà tí mo gbé ìyàwó mi, mo bẹ àwọn ọ̀rẹ́ mi, a lọ kọ ebè iṣu fún bàbá rẹ̀ ní Sakin. Olúkúlùkù wa gba poro tirẹ̀, oko náà sì parí kí oòrùn tó wọ̀. Ṣùgbọ́n oko nìyẹn.

Mo ní, "Ta ló gbọ́ ọ̀wẹ̀ pákó rí?"

Ìyàwó mi wúkọ́ láti ilé ìdáná. Mo mọ ikọ́ yẹn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ènìyàn kì í kọ ọ̀wẹ̀ àna. Mo lọ tọrọ gáfárà lọ́wọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà tó ní ọjọ́ méjì ni.

Pákó márùn-ún, ọkùnrin márùn-ún. Bí àna mi ṣe pín in nìyẹn. Olúkúlùkù ni yóò wá wọn poro tirẹ̀, tí yóò gbé pákó rẹ̀ lọ sílé, tí yóò gé e, tí yóò fi ìfági fá a, kó lè jẹ́ pé kíkàn nìkan ló kù ní ọjọ́ ọ̀wẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ẹnì kan wọn gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó ní, "Bàbá, ẹnì kan kì í ro poro ẹlòmíràn."

Wọ́n wá, kì í ṣe ní ọjọ́ kan náà. Èkíní, ọkùnrin sísanra kan, wá ní ọjọ́ Ajé pẹ̀lú mẹ́tà onírin. Èkejì wá ní ọjọ́ kẹrin pẹ̀lú okùn, ó ta kókó sí i. Ẹ̀kẹta fi igi oparun wọ̀n ọ́n. Ẹ̀kẹrin fi àtẹ́lẹwọ́, ó ń ka, ó gbàgbé, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá sì bá àna wá, àna ni, nítorí náà a gún iyán fún ọkọ̀ọ̀kan wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Iyán ni mo rí, mi ò rí pẹpẹ. Ní aláalẹ́, mò ń gbé páálí láti igun kan sí ìkejì, mò ń fi ìgbálẹ̀ gbá ojú ọ̀nà ikán, mo sì ń gbàdúrà fún sùúrù. Sùúrù náà ń bọ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ló fi ń rìn.

Pákó ìsàlẹ̀ pátápátá jẹ́ ti àna mi fúnra rẹ̀. Mo bi í pé ìgbà wo ni yóò wọn tirẹ̀.

"Mo ti mọ̀ ọ́n, Bàbá. Mo ti wò ó dáadáa nígbà tí mo dọ̀bálẹ̀."

Mo la ẹnu. Ìyàwó mi wúkọ́. Mo pa ẹnu dé.

Ọjọ́ ọ̀wẹ̀ bọ́ sí Sátidé. Ojú ọ̀run ti ṣú láti òwúrọ̀, orí àwọn òkè kò hàn mọ́. Wọ́n fi alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kó pákó márààrún dé, wọ́n sì tò wọ́n lé ara wọn sílẹ̀. Pákó náà dán, ó lẹ́wà, mi ò lè purọ́.

Ọkùnrin sísanra wò yíká. "Bàbá, ọtí sódàbì dà?"

"Omi wà. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò wà."

"Yéè! Ọ̀wẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n pè wá sí!"

Wọ́n kan àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí yóò gbé pákó ró mọ́ ara òpó. Wọ́n gbé pákó àkọ́kọ́ tí ọwọ́ bà sókè, kò wọlé. Wọ́n gbé èkejì síbẹ̀, ó wọlé, àyè tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì gba ọwọ́ mi. Ẹ̀kẹta dúró ní agbede méjì, kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn.

Olókùn ní, "Mẹ́tà rẹ ló ń purọ́."

Ọkùnrin sísanra ní, "Okùn rẹ ń fà bí ẹnu rẹ ṣe ń fà."

Alátẹ́lẹwọ́ fi ọwọ́ pa òpó. "Ẹ má bínú o, Bàbá. Ilé yìí ló wọ́. Mọlémọlé tó mọ òpó yìí, ojú kan ló fi wò ó."

Nínú ilé mi! Olóparun sì ti mú ayùn, ó fẹ́ gé pákó àkọ́kọ́. Kí ayùn tó kàn án, wọ́n pe ìrun, òun àti olókùn jẹ́ mùsùlùmí, wọ́n gbé ayùn sílẹ̀, wọ́n lọ wẹ ẹsẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ìrun náà. Nígbà tí wọ́n padà dé, àrá sán, ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ sì bọ́ sórí páànù. Mo wo páálí mẹ́wàá tí mo ti kó jáde láti yàrá mi sílẹ̀. Sùúrù mi tán.

"Ẹ̀yin ọkùnrin yìí! Ṣé ẹ ní olúkúlùkù ló ni poro rẹ̀? Ó dáa! Kí olúkúlùkù gbé pákó burúkú rẹ̀, kó gba poro rẹ̀, kí n rí i!"

Ìyàwó mi wúkọ́ títí, mi ò gbọ́. Àna mi ń wo ilẹ̀.

Ọkùnrin sísanra bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ pa pákó kan, ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó pa òmíràn. "Èyí ni tèmi. Ta ni kì í mọ ọwọ́ ara rẹ̀?" Ó gbé e lọ sí òkè pátápátá, níbi tó ti wọ̀n ọ́n. Ó wọlé ṣinṣin. Olókùn mú tirẹ̀, ó wọlé. Ti olóparun wọlé. Ti alátẹ́lẹwọ́, tí mo ti ka sí igi ìdáná, wọlé ju gbogbo wọn lọ. Òpó náà wọ́ lóòótọ́. Ká ní ẹnì kan wọn ibì kan, tó gé gbogbo rẹ̀ bákan náà, kì bá tí wọlé.

"Bàbá," ọkùnrin sísanra ní, "pákó burúkú ńkọ́?"

Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín dáadáa. Ó tọ́ sí mi.

Ó wá ku ti àna mi. Ó kúnlẹ̀, ó tì í wọlé. Pákó náà jókòó sórí igi tó gbé e ró, ṣùgbọ́n ó fi ìka méjì kúrú. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

"Màá kan òmíràn wá, Bàbá."

Òjò ti ń dà. A kó ìwé náà sórí pẹpẹ, ọkùnrin mẹ́fà pẹ̀lú ìyàwó mi àti awakọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, à ń nà án láti ọwọ́ dé ọwọ́. Nínú páálí kejì, ikán ti dé, etí ìwé nìkan ni wọ́n ti jẹ. Mo ṣí ọ̀kan nínú ìwé ìwàásù náà, mo rí àwọn ilà tí a fi pẹ́ńsùlù fà, wọ́n wọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Èmi ni mo fà wọ́n ní kékeré. Ọ̀pá igi ni mo fi fà á, ọ̀pá náà kò gún. Bàbá ajíhìnrere kò pa á rẹ́. Ó kọ ìwàásù rẹ̀ lé e lórí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ gòkè níbi tí ilà mi gòkè, ó sọ̀kalẹ̀ níbi tó sọ̀kalẹ̀.

Mo pa ìwé náà dé, mo sì gbé e sórí pákó àna mi.

Òjò ọdún yẹn lọ, ti ọdún tó tẹ̀ lé e náà ti fẹ́ lọ. Ìwé wà, gbogbo rẹ̀ pé, ikán kò dé ibẹ̀, ọpẹ́ ni fún Olúwa. Pákó tuntun kò tíì dé. Gbẹ́nàgbẹ́nà ẹ̀gbẹ́ ọjà ní ìṣẹ́jú díẹ̀ ni òun fi máa tún un ṣe, mi ò sì gbọdọ̀ pè é. Bí àna mi bá wá kí wa, á dọ̀bálẹ̀ níwájú pẹpẹ náà gan-an, á wò ó, á ní, "Bàbá, mi ò gbàgbé o." Mo máa ń kàwé láràárọ̀ níbẹ̀, pẹ́ńsùlù mi a sì yí bọ́ sínú àlàfo ìka méjì yẹn. Mẹ́rin ti wà nísàlẹ̀ báyìí. Mo gbọ́ nígbà tí ti òní bọ́. Mo la ẹnu, ìyàwó mi sì wúkọ́.