Ẹsẹ Kan Tí Mo Fò Nínú Sáàmù

Kì í ṣe orin wọn ló kọ́kọ́ mú mi lọ́kàn, ìdákẹ́ wọn ni. Lọ́dún 2010, nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́ ìjọba l'Ábùjá, mo bá ọ̀rẹ́ mi kan lọ sí ilé kan lẹ́yìn Idu, níbi tí àwọn ọkùnrin tó jẹ́jẹ̀ẹ́ láti tẹ̀ lé ìlànà Bẹnẹdíkítì Mímọ́ ń gbé pọ̀ láì fẹ́yàwó. Wọ́n pín sí apá méjì, wọ́n kọjú síra wọn. Bí apá kan bá kọ ẹsẹ Sáàmù kan, apá kejì á kọ èyí tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n láàárín ẹsẹ kọ̀ọ̀kan, wọn á dákẹ́ lọ gbári. Mo di ọrùn ọwọ́ mi mú, mo fi iṣan ibẹ̀ wọn ìdákẹ́ náà: ó sọ lẹ́ẹ̀mẹta gééré.

Lẹ́yìn ọdún méjì, mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo wọ ilé wọn. Èmi nìkan ni ọmọkùnrin tí bàbá mi bí. Ó ní, "O ti ti ilẹ̀kùn ilé mi pa nìyẹn." Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Mo kọ́ èdè Látìn fúnra mi. Mo ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní Sáàmù kíkọ, mo sì kọ ìwé kékeré kan lórí ìdákẹ́ náà.

Lọ́dún 2017, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin mú bàbá wá láti ìlú wa sí ilé rẹ̀ ní Gwarinpa, torí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Olórí ilé wa lẹ́yìn Idu gbà mí láyè láti máa kí i lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Bàbá máa ń kẹ̀yìn sí mi ni. Èmi á jókòó tì í, màá dá ka Sáàmù ọ̀sán ní Yorùbá, èmi náà ni màá ka ẹsẹ apá kan, èmi náà ni màá ka ti apá kejì.

Lọ́jọ́ kan, mo fo ẹsẹ kan. Lọ́dọ̀ àwa tó jẹ́jẹ̀ẹ́, ẹni tó bá ṣàṣìṣe nínú Sáàmù gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ níṣojú gbogbo èèyàn. Kí n tó mọ̀, orúnkún mi ti kanlẹ̀.

Bàbá yíjú padà. "Irú kí lèyí? Obìnrin ló ń kúnlẹ̀! Dọ̀bálẹ̀ bí ọmọkùnrin! Ọdún márùn-ún ni mo ti ń retí ẹ̀bẹ̀ yìí."

Ẹ̀gbọ́n mi ti ń nu omijé. Ì bá rọ̀ mí lọ́rùn kí n panu mọ́, kí àwọn méjèèjì gbà pé ẹ̀bẹ̀ ni.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ̀yin kọ́ ni mo kúnlẹ̀ fún. Mo fo ẹsẹ kan ni."

Ó ní, "Ẹsẹ wo?"

"Ìkeje, sà."

"Torí ẹyọ ẹsẹ kan? Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe le tó níbẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá." Mo wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà mi kan sìmẹ́ńtì. "Èyí ni tiyín. Ẹ dárí jì mí."

Ó ní, "Dìde. Lọ jókòó lápá ọ̀hún. Ẹnì kan kì í dá ṣe apá méjì. Kí ni mo máa sọ?"

Láti ọjọ́ náà, mo ń ka ẹsẹ kan fún un, ó ń dá a padà. Kò kọ́kọ́ lè fara da ìdákẹ́ náà.

"Kí la tún ń dúró dè?"

"Ẹ mí, Bàbá."

"Ta ló sọ fún ẹ pé n kì í mí?"

Nígbà tí ọdún 2019 fi ń parí lọ, ó ti mọ Sáàmù mẹ́tàlélógún sórí. Nínú àádọ́jọ, ó ku mẹ́tàdínláàdóje.