Ọmọ Tí Ẹsẹ̀ Ń Ro

Òórùn koríko tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àdá ṣán, àti òórùn ìpara tí àwọn olùkọ́ àgbà fi ń ra orúnkún: bí méjèèjì bá pàdé nímú mi, ọkàn mi á padà sí pápá ilé-ẹ̀kọ́ kan lẹ́yìn Enúwá, níbi tí wọ́n kó àwa olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jọ, kí wọ́n lè kọ́ wa bí a ṣe ń darí eré ìdárayá. Ọ̀rẹ́ mi, ká ní o rí wa! Olùkọ́ tó ti fi ọdún gbọọrọ kọ́mọ látorí àga, wọ́n ní kó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Ìyá kan láti Mọ̀dákẹ́kẹ́ wọ ṣòkòtò eré ọmọ rẹ̀ wá. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ báyìí, ṣòkòtò ya. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín. Olùkọ́bìnrin kan tó wá láti Ìpetumodù ni. Abẹ́ igi máńgòrò ló máa ń jókòó sí, ó wé gèlè dúdú, kì í sáré, kì í fò. Ẹnu wa ò sì mọ bí à á dákẹ́. A ti ń pè é ní ọ̀lẹ lábẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun wá. N ò mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ wa ti là á yé wa: ẹni tí kò bá darí eré kan tán níwájú wa, wọn ò ní jẹ́ kó darí ọmọ kankan nílé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ tó kẹ́yìn, ìyá Ìpetumodù nìkan ló kù.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde," ni ọkùnrin náà wí. "Bí ẹ ò bá ṣe é lónìí, ẹ máa padà sílé lásán ni."

Ó dìde. Ó gba fèrè.

Bí a ṣe ń ṣe é ni pé àwa olùkọ́ la máa ń ṣe bí ọmọ. Olùdánilẹ́kọ̀ọ́ á wá sọ sí ẹnì kan létí pé kó fa wàhálà díẹ̀, kí wọ́n lè wo ohun tí ẹni tó wà níwájú máa ṣe. Èmi ló kàn lọ́jọ́ náà. A sáré dé ìdajì pápá, mo di orúnkún mú, mo jókòó sílẹ̀, mo fi ohùn ọmọdé ké pé, "Àǹtí, ẹsẹ̀ ń ro mí!"

Lójú ẹsẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ṣe ohun tí àwọn ọmọ wa máa ń ṣe, tí àwa náà kì í tìtorí rẹ̀ bá wọn wí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ yí mi ká, wọ́n ń kọrin, "Ọ̀lẹ! Ọ̀lẹ! Ọ̀lẹ ń parọ́ ẹsẹ̀!"

Ìyá náà ju fèrè sílẹ̀. Ẹni tí a ò rí kó sáré rí, ó sáré! Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí koríko, ó gbé ẹsẹ̀ mi lé e, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ra á. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ìyá rẹ ti dé. Ta ló ní o ń parọ́?" A ṣebí eré ni o! Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n ní, "Ẹ mọ̀ ọ́n ṣe!" Èmi tí mo wà nílẹ̀ ni omijé rẹ̀ ń kán sí lórúnkún. Ẹ̀rù bà mí.

Nígbà tí wọ́n rí i pé ẹkún gidi ló ń sun, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, àbíkẹ́yìn rẹ̀, ní àìsàn fòníkú-fọ̀la-dìde, tí egungun fi máa ń ro ó. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbọ́, torí ta ni yóò fẹ́ ọmọ náà lọ́la? Wọn ò sọ fún ilé-ẹ̀kọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nínú ọyẹ́, wọ́n ní kí àwọn ọmọ sáré yí pápá ká. Ọmọ náà ní ẹsẹ̀ ń ro òun. Olùkọ́ ní ọ̀lẹ ni, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì kọrin sí i títí ó fi sáré. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tó fi kú sí ọsibítù.

"Olùkọ́ rẹ̀ ò mọ̀," ni ìyá náà wí. "Ta ló sọ fún un? Ta ló kọ́ òun náà?"

Kò sẹ́ni tó lè wojú ẹnìkejì. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ sórí koríko. "Màámi, ó ti tó. Ẹ ti yege."

"N ò tíì ṣe é tán." Ó fi gèlè náà sílẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ó ní kí n má dìde. Ó mú fèrè, ó fọn ọ́n. Àwọn yòókù sáré yí pápá ká tẹkúntẹkún, títí ó fi ní kí wọ́n dúró.

Èmi náà ti ń darí eré ìdárayá láti ìgbà náà. Kí n tó fọn fèrè, pàápàá nígbà ọyẹ́, mo máa ń béèrè pé, "Ta ni ẹsẹ̀ ń ro?" Ìwọ náà mọ àwọn ọmọ wa, ọwọ́ á pọ̀ lókè, púpọ̀ nínú wọn ló sì ń parọ́. Ọ̀gá mi ní mò ń kọ́ wọn lọ́lẹ. N ò bá a jiyàn. Ọmọ tó bá parọ́ fún mi á jókòó sábẹ́ igi, á máa fi mí rẹ́rìn-ín. Tó bá sì di ọ̀sán, á padà sílé lọ bá ìyá rẹ̀.