Kàsúmù Inú Gọ́ọ̀mù

Wọ́n ní bí èèyàn bá gbé etí lé sípíkà tuntun tí wọ́n ń kàn ní Alábà, yóò gbọ́ ohùn Lánlọ́ọ̀dù Kàsúmù tó ń lé ayálégbé jáde. Ní Òkòkòmáìkò lọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn Iléyá ọdún 1987: Rájí tó ń ṣe gọ́ọ̀mù ti yọ́ Kàsúmù sínú ìkòkò, ó sì ti fi í lẹ àpótí sípíkà. Kí ọ̀rọ̀ náà tó dé Ìyànà-Ìbà, Kàsúmù inú sípíkà ti ń ka ìròyìn. Nígbà tó fi máa dé ìlú Ọ̀jọ́, ó ti ń kọrin.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ kẹta ọdún, Kàsúmù kò sí nílé. Egungun sì wà lórí páánù Rájí, ó funfun báláú nínú oòrùn.

Ọmọ Ìpókíá ni Rájí, alápatà ni tẹ́lẹ̀ ní Alábà Ràgó. Ó pa ẹran débi pé àgbò tí kò rí i rí ń kúnlẹ̀ kí i. Nígbà tí SAP dé, ètò ìjọba tó sọ náírà di yẹpẹrẹ, gọ́ọ̀mù òyìnbó wọ́n bí ojú. Díẹ̀ tó ṣẹ́ kù ní ilé iṣẹ́ tó ń kan àpótí sípíkà, òórùn rẹ̀ ń pa káfíńtà bí ọtí. Wọ́n á máa kí pákó pé ẹ kú iṣẹ́. Mádàámù Adéníkẹ́, olùkọ́ kẹ́mísírì ní yunifásítì, ló lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Ládépọ̀, máníjà ibẹ̀, pé egungun tó ń jẹrà ní òkìtì ní Alábà Ràgó lè di gọ́ọ̀mù tí kì í ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá. Ni wọ́n bá dòwò pọ̀: yunifásítì mú ìmọ̀ wá, ilé iṣẹ́ mú ìkòkò ńlá wá, Rájí mú egungun wá. Ó fi tábìlì ẹran rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíì. Kò ní ibi tó máa padà sí.

Ìkòkò méjì àkọ́kọ́ bàjẹ́. Wọ́n jẹ́ kí ó hó, gọ́ọ̀mù bá di omi ọbẹ̀, pákó ṣí. Ládépọ̀ ní ẹ̀kẹta ni ìkẹyìn, òun ń bọ̀ lẹ́yìn Àlàásárì wá gbé e. Bí pákó bá tún ṣí, kóńkó jabele ni.

Lẹ́yìn Àyìlá ọjọ́ náà ni èrò dé ìdí ìkòkò. Gbogbo Òkòkòmáìkò ni, àti ìlàjì Ìbà, àti àwọn tí kò mọ Kàsúmù rí ṣùgbọ́n tí inú ń bí. Àìná, ìyàwó Kàsúmù, ló ṣíwájú, ó so ìborùn mọ́dìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé táyà tẹ̀ lé e. Òmíràn gbé gálọ́ọ̀nù epo bẹntiróòlù. Nígbà tí gálọ́ọ̀nù yọ, àwàdà tán lẹ́nu gbogbo èèyàn.

"Rájí! Ọkọ mi dà?"

"Ìyá Wàsíù, ẹ kú ọ̀sán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fẹsẹ̀ kan iná."

"Mo ń bi ọ́ ní ọkọ, o ń sọ̀rọ̀ iná! Da ìkòkò yẹn nù, ká rí ìdí ẹ̀!"

"Bí mo bá dà á nù, iṣẹ́ mi lọ nìyẹn."

"Bó ò bá dà á nù," oní-táyà dáhùn, "ìwọ náà lọ nìyẹn."

Mádàámù Adéníkẹ́, tó ń bá Rájí ṣọ́ ìkòkò, bọ́ síwájú. "Ẹ fara balẹ̀. Iṣẹ́ ìwádìí la ń ṣe."

"Ẹ gbọ́ o!" Àìná figbe ta. "Wọ́n ń ṣèwádìí ọkọ mi!"

Èrò rọ́ síwájú. Ẹsẹ̀ ẹnìkan ti ìtì igi wọ abẹ́ ìkòkò, iná sì ràn. Mádàámù wo tẹmómítà. "Rájí, ó fẹ́ hó!" Rájí kò wo táyà mọ́. Ó ki ọwọ́ lásán bọ iná, ó fa ìtì náà jáde. Ó fi ẹsẹ̀ ti àpò kan sọ́dọ̀ Àìná. "Ẹ tú u."

Orí àgbò kan yí jáde, ìwo rẹ̀ kan ní ọ̀dà pupa lẹ́nu. Àìná fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀dà ilẹ̀kùn kùn ún, kí ayálégbé má baà pààrọ̀ àgbò lórí ìso.

"Àgbò wa rèé," ó ní, ohùn rẹ̀ rọ̀.

"Àwọn Alàájì ọkọ yín ló fọwọ́ ara wọn gbé e wá, lọ́jọ́ kẹta ọdún."

"Ibo ni wọ́n wá gbà lọ?"

Rájí wo inú ìkòkò. Ó ti ṣèlérí. Oní-táyà sún síwájú.

"Mo ní mi ò ní sọ. Ṣùgbọ́n táyà ò sí nínú àdéhùn wa. Wọ́n wà ní Ìbà, nílé Mosúnmọ́lá, ìyàwó wọn tuntun."

Kò sẹ́ni tó dúró gbọ́ ìyókù. Àìná ló ṣíwájú èrò lọ sí Ìbà.

Lọ́jọ́ kejì, Ládépọ̀ gbé àpótí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù náà lẹ síta, ó ní kí ẹni tó wúwo jù gùn ún. Àìná ti Kàsúmù síwájú. Lánlọ́ọ̀dù gùn ún, ó fò lórí rẹ̀, pákó kò mira. Ládépọ̀ bọ Rájí lọ́wọ́ òsì.

Èrò tún ti pọ̀, ọ̀rọ̀ tuntun sì ti ń jà rànyìn: ọkùnrin tí iná kò jó.

Rájí gun àpótí náà. "Ẹ jẹ́ n tún un sọ fún yín. Egungun Alàájì wà nínú gọ́ọ̀mù lóòótọ́. Ti àgbò wọn ni. Sípíkà kankan ò tíì kọrin. Ní ti iná," ó na ọwọ́ ọ̀tún tí wọ́n fi báńdéèjì dì, "ó jó mi o. Ó jó mi gan-an."